Ta Ló Ni Ín? Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Yín Lórí Fóònù, Ìwé Àti Fọ́tò

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, mo ń kà á lọ títí iná fi lọ, mo bá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo ń kà á lọ. Ọ̀kan ń sọ ti skríìnì, ọ̀kan ń sọ ti ìwé, ọ̀kan ń sọ ti fọ́tò ìgbéyàwó, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa ohun kan náà ni púpọ̀ yín ń bèèrè: nǹkan tí mo fowó mi rà tàbí tí mo fọwọ́ mi ṣe, ta ló ni ín gan-an? Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára, torí náà ẹ má bínú tí ìdáhùn kan bá gùn ju òmíì lọ.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnjiníà fóònù ni mí ní Tákíè níbí. Ojú fóònù kọ́sítọ́mà mi kan fọ́, mo bá bọ́ ojú ojúlówó lára fóònù míì tó jẹ́ irú ẹ̀ gẹ́lẹ́, tí pánẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ ti kú, mo fi sí i. Fóònù tàn, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń gbé ìkìlọ̀ jáde pé òun ò mọ ojú tí wọ́n fi sóun lára, ìmọ́lẹ̀ tó máa ń yí ara ẹ̀ padà náà ò ṣiṣẹ́ mọ́. Kọ́sítọ́mà ní fẹ́ẹ̀kì ni mo fi sí i, ó fẹ́ gba owó ẹ̀ padà. Ṣé èmi ni mo jẹ̀bi ni?* (Ẹnjiníà, Ògbómọ̀ṣọ́)

Àbúrò, o ò jẹ̀bi kankan. Ojúlówó lo fi sí i, fóònù yẹn ló kọ̀ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe fóònù ayé ìsinsìnyí máa ń fi nọ́ńbà sínú ṣíìpù kékeré tó wà lára skríìnì, lára bátìrì, lára kámẹ́rà, wọ́n á tún wá kọ nọ́ńbà yẹn sínú fóònù fúnra ẹ̀ láti fáktírì. Tó o bá ti tan fóònù, ṣe ló máa ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bíi tíṣà tó ń pe rẹ́jísítà, tí ẹni tó dáhùn ò bá ti sí nínú ìwé, àlejò ni, ì báà jẹ́ fáktírì kan náà ni wọ́n ti jáde. Kọ̀ǹpútà tó lè kọ orúkọ tuntun sínú rẹ́jísítà yẹn, ọwọ́ iléeṣẹ́ tó ṣe fóònù ló wà, kò sí ní Tákíè.

Mo jókòó ti ọ̀rẹ́ mi kan lóṣù tó kọjá níbi tó ti ń wá ọgbọ́n dá sí irú ẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná, ó fi ẹ̀mú tín-ín-rín yọ ṣíìpù kan tí kò ju ẹyọ ọkà bàbà lọ lára ojú tó fọ́, ó mú èémí dúró kó má bàa fẹ́ ẹ dà nù, ó wá fi léèdì jó o mọ́ ara ojú kejì, òórùn léèdì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó gbà á tó ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó tan fóònù, ìkìlọ̀ ò jáde mọ́, ìmọ́lẹ̀ ń yí ara ẹ̀ padà bó ṣe yẹ. Inú mi dùn sí ọgbọ́n ọwọ́ ẹ̀, inú sì bí mi, torí iṣẹ́ ogójì ìṣẹ́jú yẹn, kò tún nǹkan kan tó bà jẹ́ ṣe, ó kàn fi bẹ fóònù pé kó gba ohun tó jẹ́ tiẹ̀ ni.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe. Àwọn àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń pariwo tipẹ́ pé tirakítọ̀ táwọn fowó ńlá rà, táwọn bá tún un ṣe tán, kì í gbà àfi tí ẹni tó ń ṣojú iléeṣẹ́ bá gbé kọ̀ǹpútà tiẹ̀ dé. Ìpínlẹ̀ Colorado ló kọ́kọ́ ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ yẹn ní 2023. Nígbà tó di 2024, Oregon ṣòfin tiẹ̀ tó dojú kọ nọ́ńbà inú ṣíìpù yìí gan-an, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2025: iléeṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ fi í dín agbára ẹ̀rọ kù torí pé ẹlòmíì ló tún un ṣe. Ibi tí kọpiráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ kan pé kí ẹlòmíì má ṣe ẹ̀dà ẹ̀ láìgbàṣẹ, ti wọ̀ ọ́ rèé o. Sọ́fútíwíà, ìyẹn ètò tó wà nínú ẹ̀rọ, ló dà bí àgádágodo tó ń kọ àtúnṣe yẹn, òfin Amẹ́ríkà ti 1998 sì sọ pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ já àgádágodo tó ń ṣọ́ iṣẹ́ tó ní kọpiráìtì, kódà kó jẹ́ nǹkan tiẹ̀ ló fẹ́ tún ṣe. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n máa ń jókòó wo èyí tí wọ́n máa yọ̀ǹda. Oṣù Kẹwàá 2024 ni wọ́n tó gbà kí àwọn tó ní ilé ìtajà já ti ẹ̀rọ tó ń ṣe áìsìkiriìmù torí àtúnṣe. Áìsìkiriìmù o! Òfin kọpiráìtì tiwa náà ti 2022 ka jíjá irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, èmi ò sì rò pé àwọn tó kọ ọ́ ń ro ti ẹni tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ àǹbùrẹ́là.

Ní ti kọ́sítọ́mà ẹ, fi fóònù kejì tó o ti bọ́ ojú yẹn hàn án, kó rí i pé irú kan náà ni. Láti òní lọ, kí o tó ṣí fóònù ẹnikẹ́ni, sọ fún un pé ìkìlọ̀ lè jáde, kọ ọ́ sínú rìsíìtì, kó sáìnì sí i.

*Ọmọ mi, wọ́n fi nǹkan ránṣẹ́ sínú WhatsApp ẹgbẹ́ wa pé lálẹ́ òní láti aago méjìlá ààbọ̀ sí mẹ́ta ààbọ̀, ìtànṣán burúkú kan máa kọjá nítòsí ayé, ká pa fóònù wa, ká má gbé e sítòsí ara, wọ́n ní NASA àti BBC ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo pa tèmi, ọmọ mi tó wà l'Ékòó pè mí títí kò rí mi, ẹ̀rù bà á. Ṣé òótọ́ ni?* (Ìyá oníláfún, Ọjà Ìgbó)

Màmá, ẹ kú ọjà o. Irọ́ ni. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń kiri, tí wọ́n bá ti gbàgbé ẹ̀ ẹnì kan á tún gbé e dìde, ìdí sì nìyẹn tí kò fi ní déètì, “alẹ́ òní” ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ kó lè bá gbogbo alẹ́ mu.

Ìtànṣán yẹn fúnra ẹ̀ wà lóòótọ́. Ará Austria kan tó ń jẹ́ Victor Hess ló gun bàlúùnù ńlá lọ sókè ní 1912, ó ju kìlómítà márùn-ún lọ sójú ọ̀run, ó rí i pé bóun ṣe ń gòkè ló ń pọ̀ sí i, ló bá mọ̀ pé òde ayé ló ti ń wá, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 1936. Ojoojúmọ́ ló ń rọ̀ lé wa lórí, àti ẹni tó ní fóònù àti ẹni tí kò ní. Pípa fóònù ò kàn án rárá.

Ohun tó lè ṣe wá ní jàǹbá ni ìjì oòrùn, ìyẹn agbára tó máa ń tú jáde lára oòrùn lójijì, èyíinì máa ń ba ẹ̀rọ ńláńlá jẹ́. Ní oṣù Kẹta 1989 ó pa iná ní Quebec ní Kánádà fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Ìyẹn náà, wáyà iná ńlá àti sátẹ́láìtì ló ń bá jà, kì í wá fóònù ẹnì kan lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ tan fóònù yín, kẹ́ ẹ pe ọmọ yín. Tẹ́ ẹ bá ń ṣáàjì ẹ̀ lálẹ́ nìkan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, torí bátìrì máa ń gbóná.

*Ẹ̀gbọ́n, tíṣà Yorùbá ni mí ní ilé ìwé gírámà kan nílùú Ọ̀yọ́. Ìwé lítíréṣọ̀ tí mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà ní láíbìrì wa, ẹ̀yìn ẹ̀ ti já. Mo fi fóònù ya gbogbo ojú ewé ẹ̀, mo sọ ọ́ di PDF, mo fi sínú WhatsApp kíláàsì. Ọ̀gá kan ní sítáfúrúùmù wa ní olè ni mí. Ó dùn mí. Ṣé olè ni mí lóòótọ́?* (Tíṣà, Ọ̀yọ́)

Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Mi ò ní pè yín lólè, mi ò sì ní parọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ ìwé yín yìí ni mo fẹ́ fìdí kalẹ̀ sí.

Òfin tá a ń lò báyìí ni Òfin Kọpiráìtì 2022, Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú ní oṣù Kẹta 2023. Ó ní ìwé jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́ títí tó fi máa kú, kó tún wá jẹ́ ti àwọn àrólé ẹ̀ fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹ̀, látìgbà tí ọdún tó kú yẹn bá ti parí. Ẹ jẹ́ ká fi Fágúnwà ṣe é. Oṣù Kejìlá 1963 ni bàbá yẹn kú. Ẹ ka 70 lé e, ó di ìparí 2033. Ó di ọjọ́ kìíní oṣù Kíní 2034 kí ìwé tó ti jáde láti 1938 tó di ti gbogbo wa, kí ẹnikẹ́ni tó lè tẹ̀ ẹ́, kó tún un tẹ̀, kó fi ṣe áàpù fọ́mọdé láìtọrọ àṣẹ. Nígbà tí àwọn òyìnbó England kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí ní 1710, ọdún 14 ni wọ́n fún òǹkọ̀wé, tó bá ṣì wà láyé tó bá parí, wọ́n á fi 14 míì kún un, ó tán. Èmi gbà pé ti àtijọ́ yẹn bọ́gbọ́n mu ju tìsinsìnyí lọ. Ìwé Yorùbá mélòó ló ṣì wà lórí àtẹ ní ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́? Ikán àti òjò kì í dúró de òfin.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan wá láti ìlú yín níbẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣe pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá ńlá tó kọ lédè òyìnbó ní 1897. Ó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun fún títẹ̀, ìwé sọnù sọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin yẹn kú ní 1901, kò rí ìwé ẹ̀ rárá. Àbúrò ẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló lọ tú àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi sílẹ̀, ó tò ó jọ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun náà kú ní 1920, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìwé jáde. Tí kì í bá ṣe ti àkọsílẹ̀ tó kù nílé yẹn, gbogbo ohun tá a mọ̀ nípa Ọ̀yọ́ Ilé nínú ìwé yẹn ì bá ti rì sínú dúrọ́ọ̀ ẹnì kan nílùú òyìnbó. Torí náà tí mo bá rí ẹni tó ń ya ojú ewé ìwé tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù, mi ò lè pariwo olè lé e lórí. Ìwé Johnson yẹn sì ti kúrò nínú kọpiráìtì tipẹ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ gbogbo ẹ̀ fún àwọn ọmọ yín, kò sẹ́ni tó máa mú yín.

Àmọ́ apá kejì ń bẹ. Mo mọ bàbá kan nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó fi gíràtúítì ẹ̀ tẹ ìwé kan jáde fúnra ẹ̀. Mo lọ kí i nílé lọ́jọ́ kan, ó fa páálí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìwé kún inú ẹ̀, ikán ti ń jẹ ìsàlẹ̀ páálí yẹn, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara ìwé nù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ó ń tò ó sórí àga. Bó ṣe ń tò ó ló ń sọ fún mi pé ọmọ yunifásítì kan pàdé òun ní Under G, ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní “Bàbá, mo ti ka ìwé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó wà lórí fóònù mi,” ó sì ṣí PDF ẹ̀ han òun tayọ̀tayọ̀. Ọmọ yẹn ò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Bàbá ní òun gbàdúrà fún un. Mi ò lè sọ̀rọ̀ nígbà tó sọ ọ́ tán, ṣe ni mo ra mẹ́ta.

Torí náà, Tíṣà, ìwé wo lẹ yà gan-an? Tó bá jẹ́ pé ó wà lọ́jà, tẹ́ ẹ lè wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn kẹ́ ẹ rí i rà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa PDF yẹn rẹ́ lónìí, ẹ ní kí ilé ìwé rà á, kódà kó jẹ́ ẹ̀dà márùn-ún kí àwọn ọmọ máa pín in kà. Tí kò bá sí lọ́jà mọ́, ẹ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ tàbí sí àwọn ọmọ ẹni tó kọ ọ́, lẹ́tà ojú ewé kan ti tó, ẹ sọ iye ọmọ tẹ́ ẹ ní àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, kẹ́ ẹ tọ́jú èsì wọn. Kí èsì tó dé, ẹ má fi gbogbo ìwé sílẹ̀ níbẹ̀, orí tẹ́ ẹ ń kọ́ wọn lọ́sẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Òfin fúnra ẹ̀ fàyè sílẹ̀ fún lílo iṣẹ́ ẹlòmíì lọ́nà tó tọ́, bíi fún ẹ̀kọ́ tara ẹni, ìwádìí tí kì í ṣe torí owó, lámèyítọ́ àti ìròyìn, ohun tí wọ́n á sì wò ni ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, irú iṣẹ́ tó jẹ́, bí ohun tẹ́ ẹ mú nínú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti bóyá ó pa ọjà oníṣẹ́ lára. Orí kan fún kíláàsì yàtọ̀ sí odidi ìwé nínú WhatsApp tí àwọn ọmọ lè fi ránṣẹ́ dé Sókótó kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun kan kù tí èèyàn kì í sábà sọ. Ẹ̀yin lẹ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà fún ẹ̀kọ́ àwọn akanda ẹ̀dá níbẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tí kò ríran ní kíláàsì, òfin 2022 gbà kí wọ́n sọ ìwé di èyí tó lè fọwọ́ kà tàbí tó lè gbọ́ sétí láì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, tí kò bá ṣáà ti jẹ́ fún títà. Àdéhùn àgbáyé kan wà lórí ẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Marrakesh ní 2013, Nàìjíríà sì ti wọ inú ẹ̀ láti 2017. Ẹ lò ó. Kí wọ́n má fi ọmọ yẹn sílẹ̀ níta.

*Bọ̀ọ̀dá, èmi àti ìyàwó mi ṣègbéyàwó lọ́dún tó kọjá. Mo san gbogbo owó fọtógíráfà pé. Ìgbà tó yá mo rí ojú ìyàwó mi gàdàgbà lórí pátákó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní ẹ̀bá títì. Mo ní kó yọ ọ́, ó ní òun lòun ya fọ́tò, òun lòun ni ín. Mo ní èmi ni mo sanwó.* (Ọkọ ìyàwó, Òkè-Adó)

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ gba díẹ̀ nínú òótọ́. Nínú òfin, ẹni tó ya fọ́tò ló ni kọpiráìtì ẹ̀, owó tó o san ò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá jọ kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ òfin 2022 mọ̀ pé fọ́tò ìgbéyàwó ò dà bíi fọ́tò ọjà, ó ní ẹni tó ní kí wọ́n ya òun nítorí ọ̀rọ̀ ilé ara ẹ̀ lè lò ó bó ṣe wù ú tí kò bá ti jẹ́ fún owó, ó sì lè dá ẹni tó yà á dúró pé kó má gbé e síta. Lọ bá a ní pẹ̀lẹ́tù, fi èyí hàn án. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ ni, àwọn ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ ò sọ fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì ṣègbéyàwó, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ pátákó kẹ́ ẹ tó san àsansílẹ̀.

*Ẹ̀gbọ́n, mo ń ra ìwé kọ̀ọ̀sì mi lórí áàpù kan, mo ti ra tó mẹ́jọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá áàpù yẹn kógbá sílé, mi ò lè ṣí ẹyọ kan mọ́. Rìsíìtì mi ṣì wà nínú ímeèlì. Ìwé mi dà?* (Ọmọ LAUTECH)

Pẹ̀lẹ́ o. Ó dùn mí bíi pé tèmi ni. Ohun tó o rà kì í ṣe ìwé, ìyọ̀ǹda láti máa kà á ni, inú ọ̀rọ̀ àdéhùn kéékèèké tí a kì í kà ká tó tẹ “mo gbà” ló ti wà. Ní oṣù Keje 2009, Amazon wọ inú Kindle àwọn èèyàn, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kàwé, wọ́n pa ìwé George Orwell méjì rẹ́ níbẹ̀ torí ẹni tó kó o wá tà lọ́dọ̀ wọn ò ní ẹ̀tọ́ sí i, wọ́n dá owó padà, ọ̀gá àgbà wọn sì tọrọ àforíjì nígbà tí ariwo pọ̀. Ní 2019, Microsoft ti ilé ìtàwé orí kọ̀ǹpútà tiẹ̀ pa, gbogbo ìwé tí wọ́n ti tà kò ṣí mọ́, àwọn náà dá owó padà. California ti ṣòfin báyìí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2025, pé ẹni tó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọ “rà á” síbẹ̀ lásán láìsọ fún oníbàárà pé ìyọ̀ǹda ni. Mo fẹ́ kí tiwa náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Fi rìsíìtì yẹn béèrè owó ẹ lọ́wọ́ wọn, kọ ọ́ sílẹ̀, má pè wọ́n lórí fóònù nìkan. Tó o bá tún fẹ́ ra ìwé, wá ibi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní fáìlì tó lè gbé sórí mẹ́mọ́rì káàdì ara ẹ̀, kó o sì gbé e síbẹ̀ lọ́jọ́ tó o rà á gan-an.

*Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ń ta gàrí tí a dì sínú ọ̀rá. Mo ní kí AI, kọ̀ǹpútà tó ń dá ronú yẹn, ya àwòrán ìyá kan tó ń yan gàrí fún mi, ó dára gan-an, mo fi sára ọ̀rá. Ẹnì kan ní Sábó ti fi àwòrán yẹn gan-an sára tiẹ̀. Ṣé mo lè gbé e lọ sí kóòtù?* (Oníṣòwò, Ògbómọ̀ṣọ́)

Kó o tó náwó sórí lọ́yà, gbọ́ ìtàn ọ̀bọ yìí. Ní 2011 ní Indonesia, ọ̀bọ kan mú kámẹ́rà David Slater, fọtógíráfà ará ìlú òyìnbó, ó fi ya ara ẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, eyín funfun báláú. Fọ́tò yẹn gba gbogbo ayé, ìjà wá dé pé ta ló ni ín. Ọ́fíìsì kọpiráìtì Amẹ́ríkà sọ ní 2014 pé iṣẹ́ tí ẹranko bá ṣe, àwọn ò ní forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, kóòtù náà sì sọ ní 2018 pé ọ̀bọ ò lè pe ẹjọ́ kọpiráìtì. Nígbà tí AI dé, Stephen Thaler, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, gbé àwòrán tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ dá yà lọ sí ọ́fíìsì yẹn, wọ́n kọ̀ ọ́, ó bá lọ sí kóòtù, adájọ́ sọ ní 2023 pé kò sí kọpiráìtì níbi tí kò ti sí ọwọ́ èèyàn. Amẹ́ríkà nìyẹn o, kóòtù tiwa kọ́ ló sọ ọ́, àmọ́ èmi ò ní gba ẹ nímọ̀ràn pé kó o fi owó gàrí dán an wò.

Orúkọ ọjà ẹ ni kó o dì mú. Forúkọ àti àmì ẹ̀ sílẹ̀ fún trademark l'Ábújá, ìyẹn yàtọ̀ sí kọpiráìtì, kò kàn wọ́n bóyá èèyàn ló yà á tàbí ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá oníbàárà máa ṣi ọjà ẹ gbé. Kó o sì wá ọmọ ayàwòrán kan nílùú yìí, wọ́n pọ̀, kó fọwọ́ ya ìyá alágàrí tìẹ, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti gbé ẹ̀tọ́ ẹ̀ fún ẹ. Ìyẹn lo lè dúró lé lórí.

*Bọ̀ọ̀dá, tíṣà físíìsì wa ní SS2 sọ pé wọ́n tún ẹ̀rọ kan ṣe lójú òfurufú, ó jìnnà ju oòrùn lọ fíìfíì, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni wọ́n ṣe fọwọ́ kàn án?* (Akẹ́kọ̀ọ́, Arówómọlé)

Òótọ́ pọ́nbélé ni, inú mi sì dùn pé tíṣà yín ń sọ irú ẹ̀ fún yín. Voyager 1 ni orúkọ ẹ̀, Amẹ́ríkà gbé e sókè ní oṣù Kẹsàn-án 1977. Ní oṣù Kọkànlá 2023 ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni, bíi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Nígbà yẹn ó ti jìnnà tó bílíọ̀nù 24 kìlómítà, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi rédíò sọ láti ayé máa rìn fún wákàtí 22 ààbọ̀ kó tó dé etí ẹ̀. Tó o bá bi í ní nǹkan láago mẹ́jọ àárọ̀ Mọ́ńdè, ìdájí Wẹ́sìdeè lo máa tó gbọ́ èsì.

Wọn ò fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n fi tún un ṣe. Wọ́n wádìí ẹ̀ títí wọ́n fi rí i pé ṣíìpù kan ṣoṣo ló kú, àmọ́ ó mú nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìrántí kọ̀ǹpútà yẹn lọ, ètò tó ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ sì wà níbẹ̀. Kò sí àyè kan tó lè gba gbogbo ètò yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, ni wọ́n bá gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n pín in sí ibi tó ṣófo káàkiri, bíi ìgbà tí òjò ba yàrá kan jẹ́ nílé tẹ́ ẹ wá pín ẹrù ibẹ̀ sí yàrá tó kù. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ rèé: wọ́n ní láti lọ tú bébà àtijọ́ tí àwọn tó ṣe é kọ sílẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n tó mọ ibi tí nǹkan wà. Bébà yẹn wà lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó tì í mọ́ inú àgádágodo.

Ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n fi àtúnṣe àkọ́kọ́ ránṣẹ́, wọ́n wá ń dúró. Ọjọ́ 20 ni ọ̀rọ̀ tó yéni wọlé, ìgbà àkọ́kọ́ láti bíi oṣù márùn-ún. Sọ fún tíṣà yín pé kó wá fọ́tò ọjọ́ yẹn fún yín: yàrá ìpàdé lásán, tábìlì kan, àwọn èèyàn tó jókòó yí i ká, wọ́n ń yọ̀ ṣìnkìn.